Ẹ Yẹ Akọ Náà Wò Pẹ̀lú

Admin yín náà nìyí, láti Jos. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ Àìkú ni mo ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí kò ní dátà.

Ẹ mọ̀ pé oúnjẹ adìyẹ ni mò ń tà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan wọ ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí i. Ó ní odídẹrẹ́ méjì, akọ àti abo. Abo ń yé ẹyin, ẹyin kò pa. Ó ní òun máa gbé abo náà kúrò, kí òun wá òmíràn. Mo ní, "Alágbà, ẹ ti yẹ akọ wò?" Ó wò mí bíi pé mo bú bàbá rẹ̀. "Akọ tó ń gun abo lójoojúmọ́, kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ìtàn yìí wá.

Lọ́dún 1848, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Arnold Berthold, ní ìlú Göttingen ní Jámánì, mú ọ̀dọ́ àkùkọ mẹ́fà. Ó yọ kórópọ̀n àwọn méjì pátápátá. Ogbe orí wọn kò dàgbà, wọn ò jà, wọn ò bìkítà fún abo. Àwọn mẹ́rin tó kù, ó gé tiwọn náà kúrò níbi tó wà, àmọ́ ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ sínú ikùn wọn. Ní ti méjì nínú wọn, ti ẹnì kejì ló fi sí i. Àwọn yẹn kọ, wọ́n jà, wọ́n ń lé abo kiri. Nígbà tó là wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn wọ inú kórópọ̀n náà. Ó ní á jẹ́ pé nǹkan kan ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara. Nǹkan náà là ń pè ní họ́mónù lónìí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i mú. Àkùkọ tí wọ́n ti yọ kórópọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n: wọ́n á fún un ní ohun tí wọ́n fà jáde, wọ́n á wo bí ogbe rẹ̀ ṣe tóbi tó. Lọ́dún 1935, Ernst Laqueur àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amsterdam fà á yọ láti inú kórópọ̀n akọ màlúù. Ẹ gbọ́ o: nǹkan bí 100 kílò kórópọ̀n ni wọ́n fi rí mílígíráàmù 10 péré. Wọ́n sọ ọ́ ní testosterone.

Rosalyn Yalow àti Solomon Berson, ní New York, ló wá rí ọ̀nà tí èèyàn fi lè wọn họ́mónù tó kéré jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀. Berson ti kú kí wọ́n tó fún Yalow ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1977. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti wọn ti ẹyẹ náà.

Ṣé ẹ rí i, inú ikùn ni kórópọ̀n odídẹrẹ́ wà, lẹ́bàá kíndìnrín. Tí kì í bá ṣe àsìkò ẹyin, ó máa ń kéré. Tí àsìkò bá dé, ó máa ń tóbi. Tí ẹ bá sì gbá ẹyẹ mú láti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù yẹn lè yí họ́mónù rẹ̀ padà.

Ní New Zealand, irú odídẹrẹ́ kan wà tó ń jẹ́ kakapo. Kò lè fò. Akọ rẹ̀ á gbẹ́ kòtò sílẹ̀, á jókòó síbẹ̀ lóru, á máa ké bí ìlù kí abo lè gbọ́. Lọ́dún 1995, 51 péré ló kù láyé. Ta ló máa là á wò? Lọ́dún yẹn kan náà, John Cockrem àti J. R. Rounce tẹ iṣẹ́ wọn jáde: ìgbẹ́ kakapo inú igbó ni wọ́n kó, họ́mónù inú rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, wọ́n fi mọ bí ara wọn ṣe ń múra sílẹ̀ fún ọmọ bíbí láàárín ọdún. Oríṣiríṣi iṣẹ́ ni wọ́n ṣe pa pọ̀ mọ́ èyí, títí kan gbígba àtọ̀ akọ fún abo. Nígbà tó fi máa di 2022, kakapo ti di 252.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó. Ẹni tó bá ka owó ọjà mi nígbà tí Kérésì ku ọ̀sẹ̀ méjì, á ní olówó ni mí. Kó wá kà á nínú oṣù Kìíní! Họ́mónù tó dára kò sì sọ pé àtọ̀ dára. Àtọ̀ ní àyẹ̀wò tirẹ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ọdún mẹ́fà ni èmi àti ìyàwó mi fi wá ọmọ. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó lọ sọ́dọ̀ alágbo, ó gun òkè àdúrà. Èmi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣebí ohùn mi le, irùngbọ̀n mi kún. Ọjọ́ tí mo gbà kí wọ́n yẹ̀ mí wò, họ́mónù mi dára, àtọ̀ ni kò tó. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá mi ti sọ sí i, èmi ló yẹ kó bá. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Òun ló ní kí n sọ ọ́ síbí.

Oníbàárà mi pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní òun máa gbé akọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Abo ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin inú ẹgbẹ́ yìí, ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó wá bá mi ní kọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dàárọ̀ o.