Ta Ló Fa Ààlà Náà?



Bí oko méjì bá pààlà, pèrègún là ń gbìn sí i, olóko méjèèjì yóò sì dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá dá nìkan lọ gbìn ín kò pààlà rárá. Oko olóko ló wọ̀. Ohun tí ìrékọjá ààlà jẹ́ nìyẹn. Ojú Atakpamé ti rí i.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú Jámánì, bá àwọn aṣojú ọba Mlapa ti ìlú Togo ṣe ìwé àdéhùn létí òkun. Kò sí ará Atakpamé níbẹ̀. Síbẹ̀, kò pé ogún ọdún tí Jámánì fi wá jókòó sí Atakpamé, tí wọ́n ń fipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1897, Faransé àti Jámánì fa ààlà láàárín Dahomey àti Togo. Ó gba àárín àwa Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àná kọjá: Atakpamé bọ́ sọ́wọ́ Jámánì, Tchetti bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ta ni wọ́n bi nínú àwọn bàbá wa?

Ẹni tó bá ti wọ oko, yóò wọ ilé. Wọ́n fẹ̀sùn kan Geo A. Schmidt, ọ̀gá Jámánì ní Atakpamé, pé ó ń ni ará ìlú lára, ó sì fipá bá ọmọdébìnrin lò. Ọba Kukowina fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àwọn fáda Kátólíìkì náà dá sí i. Ní 1903, àwọn fáda ọ̀hún ni ìjọba tì mọ́lé! Ní 1906, Hermann Roeren gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin ní Berlin.

Jámánì ti lọ láti 1914. Ṣùgbọ́n ta ló ń ta ilẹ̀ ẹbí láì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lónìí? Ta ló ń gba oko lọ́wọ́ opó? Àwa náà ni. Bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Kí ẹ tó gbin pèrègún, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tí ẹ jọ pààlà.

Ẹ̀yin ará Tchetti, báwo lẹ ṣe ń pààlà oko lọ́dọ̀ yín?