James Edward West

James Edward West, tí a bí ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1931, jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti olùṣẹ̀dá ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí sísọ ìró di iná mànàmáná. Òun àti Gerhard Sessler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n ṣẹ̀dá máìkì electret ní ọdún 1962.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Farmville, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni wọ́n ti bí West, nígbà tí òfin ibẹ̀ ya àwọn adúláwọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó di dókítà oníṣègùn. Nígbà tí ó yan físíìsì, bàbá rẹ̀ mú un mọ adúláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì àti físíìsì. Iṣẹ́ tó dára jù tí wọ́n rí ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́. West kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Temple University, ó sì wọ iṣẹ́ ní Bell Laboratories ní ọdún 1957.

Máìkì electret

Àwọn máìkì tó ń gbóhùn dáadáa nígbà náà wọ́n gan-an, wọ́n sì nílò iná tó lágbára láti ìta. West àti Sessler lo Teflon fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi irin bò ní ojú kan, èyí tó lè di agbára iná mú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìró bá mú kí ó gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á di àmì iná. Nítorí pé máìkì yìí kéré, tí kò sì wọ́n, ó wọ inú tẹlifóònù, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti ẹ̀rọ tí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ròó dáadáa ń lò. Ọdún 1964 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀.

Ṣíṣí ọ̀nà fún àwọn mìíràn

Ní ọdún 1970, West wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Bell Laboratories. Akitiyan wọn bí àwọn ètò tó fún àwọn adúláwọ̀ àti obìnrin ní ààyè láti ṣe ìwádìí níbẹ̀, àti owó láti kàwé dé oyè ọ̀mọ̀wé. Lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìntì ní ọdún 2001, ó lọ sí Johns Hopkins University, níbi tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fi ìró inú ẹ̀dọ̀fóró mọ àìsàn.

Àmì ẹ̀yẹ

- National Inventors Hall of Fame, 1999
- National Medal of Technology, 2006
- Benjamin Franklin Medal, pẹ̀lú Sessler, 2010