Èdè Yorùbá fún Dírónù àti Wíwọn Àyíká

Dírónù, ìyẹn ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí kò gbé awakọ̀, ti di irinṣẹ́ àwọn tí ń wọn ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Ní Zanzibar, láti ọdún 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà lára àwọn tí ó fi í ya àwòrán erékùṣù wọn láti òkè. Ní Èkó, àjọ Code for Africa lò ó ní ọdún 2019 láti ya àdúgbò Mákòko sórí máàpù. Ṣùgbọ́n ìwé àkójọ ọ̀rọ̀, Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí ní láti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀: àyálò, àpèjúwe, àti fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú. Àyálò ni ó yẹ dírónù, nítorí pé àpèjúwe rẹ̀ gùn ju ohun tí a lè máa tún sọ nínú gbogbo gbólóhùn lọ. Àyálò kan náà kò yẹ dátà, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ ní ọjà Jáńkárà yóò rò pé ohun tí à ń rà sórí fóònù láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni; "àkójọ ìwọ̀n" yóò ṣàlàyé àwọn òǹkà tí dírónù kó wálé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ń ka ooru tàbí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lè jẹ́ "ẹ̀rọ òṣùwọ̀n", torí pé kò sí ọlọ́jà tí kò mọ òṣùwọ̀n.

Èyí tí ó ṣòro jù ni eruku inú èéfín ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ (máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 ìdá mìlímítà kan), tí ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún. "Ẹ̀rún" kò bá a mu, nítorí pé ojú rí ẹ̀rún búrẹ́dì. Àwọn lẹ́kúlẹ́ja ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù: àgúnmu tí a gún, tí a sì jọ̀ dáadáa, ni wọ́n ń sọ pé ó kúná. "Eruku kíkúná", pẹ̀lú òǹkà 2.5 lẹ́yìn rẹ̀, yóò yé oníṣègùn àti akẹ́kọ̀ọ́ bákan náà.

Níwọ̀n bí akẹ́kọ̀ọ́ ti wà lára àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, ní ti iṣẹ́ tí wọ́n lọ kọ́ níta, èyí tí ètò SIWES ti ń darí ní Nàìjíríà láti ọdún 1973 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní àítì, "ìkọ́ṣẹ́ ìwádìí" tó o: ìkọ́ṣẹ́ ń tọ́ka sí ọ̀gá àti irinṣẹ́, ìwádìí sì ń tọ́ka sí ìbéèrè tí a ń wá ìdáhùn sí.

Kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ti Yorùbá tó tẹ irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí sínú ìwé, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ létí àwọn ará ọjà. Èyí tí kò bá yé wọn, kí wọ́n tún un ṣe.