Pápá Ìṣeré Súrùlérè Kì Í Ṣe Ti Bọ́ọ̀lù Nìkan

Àwọn kan gbà pé iṣẹ́ pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ ní Súrùlérè, l'Ékòó, ti parí láti ìgbà tí Àbújá ti ní tirẹ̀ ní 2003. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Súrùlérè ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0 gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Áfíríkà ní 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan. Ta ló lè gbàgbé? Ṣùgbọ́n ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti 1973, tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, ní eré sísá, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìwẹ̀ odò nínú. Àbújá lè gba àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Kò lè gba ibi ìdárayá ojoojúmọ́ lọ́wọ́ ọmọ Múṣín tó múlé gbe Súrùlérè.