Aṣọ Ìbora Harriet Powers

Ní ọdún 1886, a pàtẹ aṣọ ìbora kan síbi àfihàn òwú ní ìlú Athens, ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Harriet Powers, obìnrin adúláwọ̀ tí a bí sínú oko ẹrú ní 1837, ni ó rán an. Ó gé àjákù aṣọ ní àwòrán ènìyàn, ẹranko àti ìràwọ̀, ó sì rán wọn mọ́ ọn ní ìpín 11: Ádámù àti Éfà, Káínì tí ń pa Ébẹ́lì, àlá Jákọ́bù, títí dé ìdílé Jésù.

Jennie Smith, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, rí i, ọkàn rẹ̀ sì fà mọ́ ọn. Ó fẹ́ rà á. Harriet kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rin, nǹkan le. Harriet gun ọkọ̀ tí màlúù ń fà wá, aṣọ náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àpò ìyẹ̀fun, àpò mìíràn lórí rẹ̀. Dọ́là 10 ni ó pè é. Smith ní dọ́là 5 péré ni òun ní. Harriet jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ gbèrò, ó sì gbà.

Èmi kò lè pe èyí ní ọjà tí ó tọ́. Síbẹ̀, a jẹ Smith ní gbèsè ọpẹ́: ó kọ àlàyé tí Harriet ṣe lórí ìpín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Aṣọ náà wà ní Smithsonian ní Washington lónìí. Èkejì rẹ̀ wà ní Boston. Àwọn méjì yìí nìkan ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù nínú irú iṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ó ti tà á, Harriet padà wá sílé Smith nígbà mélòó kan, ó wá wo aṣọ rẹ̀.