Ṣé Àjẹyó Lè Gba Ẹ̀dọ̀ Lọ́wọ́ Ọtí?

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Mówè tàbí Ìbafò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì á rí i bí èéfín àsun ṣe ń rú, tí ìgò ọtí tò sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Ifọ̀, sọ fún mi níbẹ̀ pé: "Ẹni tó bá jẹ ẹran ọlọ́ràá yó kó tó mu, ọtí ò lè fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe nǹkan kan." Mo fi rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí mo kàwé, tí mo rí i pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti sọ ohun tó jọ ọ́ rí.

Lọ́dún 1949, Charles Best, ọ̀kan lára àwọn tó ṣàwárí insulin ní Toronto, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku ṣe ìwádìí. Wọ́n ní ọtí kì í ṣe májèlé fún ẹ̀dọ̀ ju ṣúgà lọ. Àìjẹunrekánú ló ń ba ẹ̀dọ̀ ọ̀mùtí jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà wọ́n gbọ́, torí ọ̀mùtí paraku kì í sábà jẹun dáadáa.

Charles Lieber, dókítà ọmọ Belgium tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, kò gbà. Lọ́dún 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rá ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń mu ọtí, bó tilẹ̀ ń jẹun re. Lọ́dún 1968, òun àti Emanuel Rubin dán an wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Oúnjẹ wọn kún fún purotéènì, ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rá ti gba ẹ̀dọ̀ wọn.

Kí ló fà á? Bí ọtí bá dé, ẹ̀dọ̀ á pa iṣẹ́ yòókù tì, á kọ́kọ́ dojú kọ ọ́. Ọ̀rá tó yẹ kó jó á wá jókòó síbẹ̀. Bí oúnjẹ bá tún lọ́ràá, ẹrù á wúwo sí i. Òótọ́ ni pé oúnjẹ kì í jẹ́ kí ọtí tètè wọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó tètè pani. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ náà ni yóò ṣì gbá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ṣé ó ti pẹ́ jù?" Mo ní: "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Bí èèyàn bá tètè jáwọ́, ọ̀rá náà máa ń lọ."