Garawa Omi àti Ìtàn Igi Ibòji ní Ilẹ̀ Ọ̀dàn

Ní ọdún 1928 ni a gbin hóró dóńgóyárò àkọ́kọ́ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Maiduguri. Láti Gánà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni hóró náà ti wá. Ilẹ̀ Íńdíà àti Bọ́mà ni ìsun rẹ̀ gan-an. Ibí yìí ni àwọn tí ń kọ ìtàn igbó sábà máa ń dúró sí: ọdún tí irúgbìn dé àti ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n kí hóró tó di igi tí ènìyàn lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀, ó ní láti la ẹ̀ẹ̀rùn kan tàbí méjì kọjá, àwọn òpìtàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀ẹ̀rùn wọ̀nyí sí.

Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú òjò Maiduguri ń rọ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì òjò Ìbàdàn lọ. Nígbà tí ó bá di oṣù Kọkànlá, ọyẹ́ a fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhàrá, a sì fa omi inú ewé àti ti inú ilẹ̀ gbẹ. Igi tí ó ti dàgbà ti ta gbòǹgbò rẹ̀ jìnnà, kò fòyà. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ ni ewu wà fún, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì jáde kúrò nínú kòtò tí a gbìn ín sí. Kì í ṣe ilẹ̀ olóoru nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ igi ọ̀ṣọ́ tuntun tí ń kú nígbà òtútù jẹ́ èyí tí òǹgbẹ pa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba àwọn onílé níyànjú láti máa bomi rin wọ́n láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta.

Kí dóńgóyárò tó dé, igi ọ̀gánwó, tí àwọn Hausa ń pè ní madaci, ni àwọn amúnisìn fẹ́ràn fún ibòji ojú pópó. Àwọn Faransé tò ó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Bamako àti ní Thiès. Àwọn ìjòyè ìjọba ni ibòji yìí kọ́kọ́ wà fún. Àwọn òṣìṣẹ́ tí a kì í dárúkọ ni iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ já lé léjìká. Orúkọ ẹni tí ó mú irúgbìn wọlé ni ìtàn sábà máa ń pa mọ́, kì í ṣe ti ẹni tí ó ru omi.

Èdè ṣe díẹ̀ ju ìwé lọ nínú ọ̀ràn yìí. Agolo kẹrosíìnì tí ó ń gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, èyí tí ó tó nǹkan bí lítà 18, ni a fi ń pọn omi káàkiri ilẹ̀ yìí. Garwa ni Hausa ń pè é, Yorùbá ń pè é ní garawa. Orúkọ igi náà bá ojú ọ̀nà kan náà wá: dogon yaro, ‘ọmọkùnrin gíga’, ni Hausa wí, Yorùbá gbà á odindi, ó di dóńgóyárò, ó sì wọ inú àgbo ibà. Orúkọ náà bá igi tí ó lè ga tó mítà mẹ́rin sí méje láàárín ọdún mẹ́ta mu, bí ó bá rí omi mu níbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń bomi rin ín ṣe pàtàkì. Omi díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í wọlẹ̀ jìnnà, gbòǹgbò a sì máa wá a lókè, níbi tí oòrùn ti ń jó. Garawa kan tí a rọra dà lẹ́ẹ̀kan sàn ju ife mélòó kan lójoojúmọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó kan bíbo ìdí igi, kí oòrùn má baà fa omi náà padà. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àgbẹ̀ Yorùbá, tí ó máa ń fi koríko gbígbẹ bo orí ebè iṣu tí ó gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pòròpórò ọkà ni ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó jù ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi àyè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ yí ara igi ká.

Ikán yìí kan náà ni Yacouba Sawadogo sọ di alágbàṣe ní Yatenga, ní àríwá Burkina Faso, láti nǹkan bí ọdún 1980. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń gbẹ́ kòtò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní zaï, tí ó ń kó ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí ewé sí i. Ikán á wá jẹ ẹ́, wọn á lu ilẹ̀ líle náà ní ihò, òjò àkọ́kọ́ á sì rí ọ̀nà wọlé dípò kí ó ṣàn lọ. Ọkà ni ó kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tí ó rí i pé igi ń hù láàárín rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn, títí tí wọ́n fi di igbó tí ó lé ní hẹ́kítà 20. Ó gba Ẹ̀bùn Right Livelihood ní ọdún 2018, ó sì kú ní ọdún 2023.

Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ètò Ògiri Àwọ̀ Ewé Ńlá ní ọdún 2007. Kò sí ayẹyẹ tí a kì í ka iye igi tí a gbìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni ayẹyẹ ń wáyé, oṣù Kejì kì í sì í ní àlejò pàtàkì. Àfonífojì Majjia ní orílẹ̀-èdè Niger yàtọ̀. Láti ọdún 1975 ni àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ CARE, ti ń tò dóńgóyárò ní ẹsẹẹsẹ láti dá afẹ́fẹ́ dúró. Wọ́n gba olùṣọ́ síṣẹ́ láti máa lé màlúù àti ewúrẹ́ títí tí àwọn igi náà fi lè dá dúró.